Àtùpà Kan fún Kànga Méjì

Ọkùnrin kan wà ní ìlú olókùúta kan, níbi tí omi ti jìn sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ inú àgbà. Kànga ni ó ń gbẹ́. Bàbá rẹ̀ gbẹ́ kànga títí ó fi kú, òun náà sì ti gbẹ́ ẹ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n láìṣẹ́ apá, láìṣẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé orí rẹ̀ dára. Òun a máa dá wọn lóhùn pé kì í ṣe orí nìkan, òfin wà níbẹ̀.

Òfin iṣẹ́ náà kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti okùn. Kí agbẹ́kànga tó sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò so ìdí okùn mọ́ ìbàdí ẹni tí yóò dúró lókè. Kò ní jẹ́ kí ẹni náà so ó fún ara rẹ̀. Yóò ta á ní kókó, yóò fà á wò, yóò wo ojú ẹni náà dáadáa, kí ó tó kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀. Nítorí pé bí ó bá ti dé ìsàlẹ̀, kò tún rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú ọ̀run a kéré bí àwo ọbẹ̀ lókè orí rẹ̀. Ohùn nìkan ni ó kù fún un láyé. A máa ké láti ìsàlẹ̀ pé, “Okùn dà?” Ẹni òkè a sì dáhùn pé, “Ó wà lọ́wọ́!” Bí ó bá ti gbọ́ ìyẹn, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, a sì tún máa walẹ̀ lọ. Báyìí ni ó ṣe fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbé ẹ̀mí lé ohùn tí kò rí ẹnu tí ó ti ń jáde.

Òfin kejì ni ti àtùpà. Kànga tí a bá ti dé pa fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ kan a máa gbé inú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí kì í sì í kìlọ̀ kí ó tó pani. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ yóò sùn, kò sì ní jí. Nítorí náà ni a ṣe máa ń so àtùpà tó ń jó mọ́ okùn, tí a ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ ṣáájú ènìyàn. Bí iná bá dúró, ènìyàn lè wọ̀ ọ́. Bí iná bá kú, kí onílé bẹ̀bẹ̀, kí ó bínú, kí ó fi owó lé owó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni ó ń di okùn mú fún un, ọkùnrin sísanra kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi bí ó bá fẹ́ fi ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àna ni agbẹ́kànga ń pè é. Àwa náà yóò máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ ìlú dá owó jọ láti gbẹ́ kànga sí ilé ìgbẹ̀bí wọn. Ojú wọn ti rí nǹkan. Aboyún a máa rọbí lọ́wọ́ níbẹ̀, kí ẹni tó ń gbẹ̀bí máa rán ènìyàn lọ sódò, kí ọmọ sì ti dé ilẹ̀ kí omi tó dé. Agbẹ́kànga ti gbẹ́ kànga náà kan omi. Ṣùgbọ́n iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, bí a kò bá sì fi òrùka kọnkéré gbé ògiri rẹ̀ ró, òjò àkọ́kọ́ ni yóò wó o. Ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ náírà ni owó òrùka, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Àwọn obìnrin náà kó gbogbo rẹ̀ lé agbẹ́kànga lọ́wọ́, nítorí òun ni ó mọ òrùka tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ń sán. Ó fi owó náà sínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì, ó ń dúró de ọjọ́ tí àwọn tó ń rọ òrùka yóò parí iṣẹ́ wọn.

Ní àkókò yìí kan náà ni tíṣà àgbà kan, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, fi orúkọ agbẹ́kànga sínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Agbẹ́kànga ti gbẹ́ kànga fún un rí, ìfẹ́ sì wà láàárín wọn. Agbo Ìdẹ̀ra ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ tó ọ̀ọ́dúnrún. Wọ́n ní àwọn ń ra owó kan tí kò ṣeé fi ọwọ́ mú, tí wọ́n ń pè ní kíríptò, àwọn sì ń tà á padà ní ọjọ́ kẹta, èrè rẹ̀ a sì di ìlọ́po mẹ́rin. Olùdarí wọn wọ aṣọ funfun nínú àwòrán, ó jókòó sórí àga tó dà bí ìtẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n olùdarí kọ́ ni ó mú ọkàn agbẹ́kànga. Obìnrin kan ni, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Màmá Ìlérí. Òun kì í kọ ọ̀rọ̀, ohùn ni ó máa ń fi ránṣẹ́. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ní àràárọ̀ ni yóò wí pé, “Ẹ̀yin ará mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀rù ba èmi náà níjọ́sí. Mo ní, ṣé olè kọ́ nìwọ̀nyí? Àmọ́ mo ti gba tèmi o! Òun ni mo fi kan òrùlé ilé mi.” Bí ó bá ti dákẹ́, ogún ènìyàn yóò tẹ̀ lé e pé àwọn náà ti gba tiwọn.

Agbẹ́kànga gbọ́ ohùn yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó fi ọ̀kẹ́ méjì sí i nínú owó ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó rí i pé ó ti di ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Ojú fóònù ni ọ̀kẹ́ mẹ́jọ náà wà, kò sí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú tí ó ń wò ó kò tún fẹ́ wo ibòmíràn.

Ní ọjọ́ kan ó sọ fún àwọn ará agbo nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ti okùn àti ti ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ tí ó ń wá fún wọn. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti kí wọn, wọn a máa dá a lóhùn pé, “Okùn wà lọ́wọ́!” Inú rẹ̀ dùn jọjọ. Ó dà bí ẹni pé ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn dúró sẹ́nu kànga nítorí òun nìkan.

Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, olùdarí kéde pé ilẹ̀kùn kan ṣí, pé ní ọjọ́ kejì, bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, yóò tì. Ẹni tó bá kó ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ wọlé yóò kó ọgọ́fà ọ̀kẹ́ jáde. Agbẹ́kànga ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Eékún rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan, ó sì ti ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa bá a gbẹ́ ilẹ̀. Ó wí lọ́kàn rẹ̀ pé, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. N ó dá owó àwọn obìnrin wọ̀nyí padà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú agbo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé, “Mo ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ohun ńlá.” Gbogbo agbo hó.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró. Ó gbìyànjú títí, owó kò lọ. Ó sì ti ṣe ìlérí fún ìyá arúgbó kan pé òun yóò wá fọ kànga rẹ̀, kànga tí wọ́n ti fi páànù dé fún ọdún méje. Ó mú àna rẹ̀, wọ́n lọ. Bí wọ́n ti ṣí páànù náà, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò rẹ̀ láìdákẹ́. Ó ku wákàtí méjì. Ó fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àna wà lára rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ó rí òun. Ó rò ó pé òun yóò yára sọ̀ kalẹ̀ wo ìsàlẹ̀ kànga lẹ́ẹ̀kan, òun yóò wí pé iṣẹ́ di ọ̀la, òun yóò sì wá ibi kọ́lọ́fín lọ. Ó so okùn mọ́ ìbàdí àna, ó ta kókó, ó fà á wò, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí kànga.

Àna kò mira. “Àtùpà ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?”

“Kànga yìí? Wo bí ó ti mọ́. Mo ní ibi tí mò ń lọ.”

Ìyá arúgbó dá sí i. “Kí ni ẹ fẹ́ fi àtùpà ṣe lójú oòrùn? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi mu omi inú rẹ̀. Òun ni mo fi wẹ ọmọ mẹ́fà. Àbí ó wá fẹ́ pa yín ni?”

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n nígbà náà,” ni àna wí. “Àwa ò tíì kí i lónìí.” Ó wá kọjú sí agbẹ́kànga. “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá kú síbẹ̀, èmi ni n ó lọ sọ fún ìyàwó yín. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ ẹnu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí o, kì í ṣe òkú yín.”

Agbẹ́kànga pòṣé, ṣùgbọ́n ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Wọ́n tan àtùpà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dé ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá, iná dúró. Ó dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná lọ sílẹ̀. Ó kéré bí ojú ológbò, ó sì kú.

Wọ́n fà á sókè. Epo wà nínú rẹ̀, òwú rẹ̀ kò yingin. Wọ́n tún un tàn, wọ́n tún un sọ. Ibi kan náà ni ó ti kú. Wọ́n ṣe é nígbà kẹta. Ìyá arúgbó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Kànga tèmi?” ni ó ń wí wúyẹ́wúyẹ́. “Kànga tèmi yìí?”

Agbẹ́kànga wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́ẹ̀kan.

Àna lọ gé ẹ̀ka dóńgóyárò tútù, ó fi dábùú ẹnu kànga. Òfin tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ náà nìyẹn. Kànga tí àtùpà bá kú sí, a kì í fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lásán. A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ka tútù lé e kí a tó kúrò níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sí níbẹ̀ nígbà tí iná ń kú.

Nígbà náà ni fóònù tún dún, tí ọwọ́ agbẹ́kànga sì ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ohùn Màmá Ìlérí jáde, ó tutù, ó dùn. “Bàbá Agbẹ́kànga wa, ẹ̀yin nìkan ni à ń dúró dè. Ó ku wákàtí kan o. Ẹ má fòyà. Okùn wà lọ́wọ́!”

Àna wo okùn tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ó wo fóònù. “Ta nìyẹn? Ẹ ti gba ẹlòmíràn sẹ́nu iṣẹ́ mi ni?”

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ fún ikú, irọ́ kì í yá a lẹ́nu. Agbẹ́kànga sọ gbogbo rẹ̀, ti tíṣà àgbà, ti ọ̀kẹ́ méjì tó di mẹ́jọ, ti owó òrùka àwọn obìnrin. Àna gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Ẹ ti rí ojú obìnrin yìí rí?”

“Ṣé mo máa ń rí ojú ìwọ bí mo bá wà nísàlẹ̀? Ohùn rẹ náà ni mò ń gbọ́. N kò sì tíì kú.”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló so okùn yìí mọ́ mi?”

“Èmi ni.”

“Nínú òkùnkùn, àbí lójú ọ̀sán?”

“Lójú ọ̀sán.”

“Bí ẹ bá já lulẹ̀, ta ni okùn yóò fà wọ kànga?”

“Ìwọ ni.”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi lè gba ohùn mi gbọ́. Obìnrin yẹn, ìbàdí tirẹ̀ dà? Bí ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ bá rì lónìí, kí ni yóò fà á?”

Agbẹ́kànga rí i pé ìdajì òfin bàbá òun ni òun mú wọ agbo náà. Òun ti gba ohùn gbọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òun ti kọ́ òun, ṣùgbọ́n òun kò ta kókó kankan kí òun tó sọ̀ kalẹ̀. “Jẹ́ kí a sọ àtùpà,” ni ó wí.

Ó kọ ọ́ sínú agbo pé, “Kí n tó kó ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ wá, ẹ dá ọ̀kẹ́ méjì tèmi padà fún mi nísinsìnyí. Ẹ fi èrè rẹ̀ sílẹ̀. Màmá Ìlérí, ẹ dárúkọ ìlú yín, n ó wá kí yín, n ó sì wo òrùlé náà.”

Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ fóònù bí wọ́n ti tẹjú mọ́ àtùpà. Olùdarí dáhùn ní kọ̀rọ̀ pé kí ó kọ́kọ́ san ọ̀kẹ́ kan, owó tí a fi ń ṣílẹ̀kùn fún owó. Agbẹ́kànga kọ̀wé padà pé, “Ẹ yọ ọ́ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín.” Olùdarí kò fèsì sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí agbẹ́kànga kọ sínú agbo sì pòórá kúrò níbẹ̀. Màmá Ìlérí fi ohùn ránṣẹ́, ohùn náà kò tutù mọ́: “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ di ọ̀nà mọ́ ẹni tí orí rẹ̀ pé ni?” Ogún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, èébú kan náà ni, bí ẹni pé láti ẹnu kan ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Lẹ́yìn náà, èébú náà àti ohùn Màmá Ìlérí pòórá pẹ̀lú, fóònù sì sọ fún un pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.

“Ó ti kú,” ni àna wí.

Ọ̀kẹ́ méjì lọ. Ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ wà. Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ kò tíì lù. Àwọn méjèèjì gbéra lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rọ òrùka kọnkéré, ara agbẹ́kànga sì fúyẹ́ bí ara ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ní ojú ọ̀nà ni àna béèrè pé, “Ẹ ti pe tíṣà?”

Ó mú fóònù jáde. Ó rí orúkọ obìnrin náà. Ìtìjú wá gbá a mú. Kí ni òun yóò sọ fún un? Pé òun tí òun ń yẹ kànga wò fún gbogbo ìlú ni òun fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ihò tí ọmọdé ń fò? Ó ní, “N ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ojúkojú ni.” Ó dá fóònù padà sápò.

Wọ́n yan òrùka. Ó fi òkúta kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ dídún wọn, ó sanwó. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó dé ilé tíṣà àgbà. Obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí ó gbẹ́ fún un, ó ń gba atẹ́gùn. Bí ó ti rí i, ó dìde pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Bàbá Agbẹ́kànga! Ẹ kú oríire o! Ẹ̀rọ náà dà?”

“Ẹ̀rọ wo, Màmá Tíṣà?”

“Ẹ má fi pamọ́ fún mi. Mo wo inú agbo, n kò rí orúkọ yín mọ́. Mo béèrè. Màmá Ìlérí ní ẹ ti gba tiyín, pé ẹ ti jáde lọ ra ẹ̀rọ.”

“Ìgbà wo nìyẹn?”

“Agogo méjìlá ku díẹ̀. Ìgbà náà ni mo kó tèmi sí i, gbogbo owó ìfẹ̀yìntì.” Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìtìjú díẹ̀ mú. “Láti ọjọ́ yìí ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ohun tí ẹ kọ lánàá ni ó fọkàn mi balẹ̀. Mo ní, bí ẹni tó ń sọ àtùpà fún gbogbo wa bá ń wọ kànga yìí, a jẹ́ pé iná kò kú níbẹ̀.”

Agbẹ́kànga kò lè jókòó. Ní ìdúró ni ó ti sọ ọ́ fún un, kò sì gba àkókò. Obìnrin náà kò ké. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè.

“Agogo mélòó ni iná kú lójú yín?”

“Mọ́kànlá ààbọ̀ kò tíì lù.”

Obìnrin náà yí ojú sí ẹnu kànga, ó ń wo omi. Ìrọ̀lẹ́ náà ni wọ́n sáré pe báńkì, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n owó náà ti kọjá ibi tí okùn ń dé.

Kànga ilé ìgbẹ̀bí dúró títí di òní. Òjò rọ̀, kò wó. Àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ ìlú a máa kí agbẹ́kànga tí wọ́n bá rí i lọ́nà, òun a sì máa wo ilẹ̀, nítorí ó mọ kànga tí òun àti àna fi ẹ̀ka lé, ó sì mọ èyí tí òun fi sílẹ̀ lásán.

Ìwọ tí o gbé fóònù wá síwájú mi lónìí, tí o ní àwọn ẹni rere kan pè ọ́ sínú agbo, tí o sì ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn tí mo ní nìyí. N kò mọ owó tí wọ́n ń pè ní kíríptò, n kò sì ní bá ọ jiyàn lórí rẹ̀. Kànga ni mo mọ̀. Ohùn tó ń pè ọ́ láti òkè, ṣé ìwọ ni o so okùn mọ́ ìbàdí rẹ̀ lójú ọ̀sán? Bí o bá rì, ṣé òun yóò rì? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó dùn bí oyin, kì í ṣe ohùn ẹni òkè. Owó tí o bá ti fi síbìkan, béèrè rẹ̀ padà, kí o tó fi òmíràn lé e. Àtùpà rẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí o sanwó kí o tó gba owó rẹ, má tún un tàn, iná ti kú. Ẹni tó bá sì ń ka agogo sí ọ létí, kò fẹ́ kí o ráyè tan àtùpà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí nìkan ni mo fi pè ọ́ jókòó. O sọ fún mi pé o ti béèrè owó rẹ ní ìjẹta, wọn kò sì dá ọ lóhùn. O tún sọ fún mi pé ìwọ ni o mú àbúrò rẹ wọ agbo náà. Ojú ń tì ọ́, mo rí i. Ìtìjú kì í pa ẹni tí ojú ń tì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń pa. Fóònù nìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Pe àbúrò rẹ níṣojú mi níhìn-ín, kí o tó dìde.